Àrùn Là Á Wò: Àròjinlẹ̀ lórí Àdúrà Ìwòsàn àti Ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn láti ọdún mélòó kan wá. Bí a bá gbàdúrà fún aláìsàn, tí aláìsàn náà kò sì dìde, ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ẹni tí ó gbàdúrà ni, àbí ẹni tí a gbàdúrà fún? Àbí kò tilẹ̀ yẹ kí a máa wá ẹlẹ́bi rárá? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn àlùfáà nìkan. Láti Àkúrẹ́ títí dé ìlú Oǹdó, agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé kan tí kò tíì gbé aláìsàn lọ sí ilé àdúrà rí. Àwa olùkọ́ wà lára wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà sì wà lára wọn. Ohun tí ó kan gbogbo wa tó báyìí yẹ ní ohun tí a ń fi ọgbọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ohun tí a ń fi ariwo bò mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí mo dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí. Mo gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, mo sì gbà pé ó ń wo aláìsàn sàn. Ohun tí n kò gbà mọ́ ni pé ẹni tí kò bá rí ìwòsàn ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Mo tún fẹ́ sọ pé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí àdúrà, lè jẹ́ ọ̀nà tí a ó fi bọ́ nínú àṣìṣe náà. N ó kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, n ó sọ ìtàn bí a ṣe dé ibi tí a wà, n ó sọ ohun tí ojú mi rí, lẹ́yìn náà ni n ó wá gbé èrò mi kalẹ̀.

Ohun tí Èdè Wa Sọ

Bí a bá fẹ́ mọ èrò Yorùbá nípa nǹkan kan, ó dára kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wò. Àìsàn ni a ń pe ohun tí ó ń ṣe ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ mọ̀ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àì- ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe sàn. Ohun tí kò tíì sàn ni àìsàn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀.

Ìwòsàn ńkọ́? Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wò àti sàn. Nígbà tí a bá lò wọ́n nínú gbólóhùn, a óò sọ pé, "Ó wo ọmọ náà sàn." Ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà ni ó wà láàrin. Aláìsàn ni ó ń dúró sí agbede méjì wíwò àti sísàn. Bẹ́ẹ̀ ni wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ojú ni a fi ń wò, ẹni tí ó bá sì ń wo nǹkan dáadáa kò kánjú kọjá lára rẹ̀. Nínú wò ni ìwòye ti jáde. Nígbà tí a bá sì ní a lọ wo ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé a lọ jókòó tì í, a sì bèèrè bí ó ti sùn àti bí ó ti jí. Nítorí náà, lójú àwọn tí ó fi èdè yìí sílẹ̀ fún wa, ìwòsàn kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Láti ojú ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún iṣẹ́ dókítà àti fún iṣẹ́ aládùúrà. Ilé ìwòsàn ni a ń pe ibi tí abẹ́rẹ́ àti egbòogi wà. Àdúrà ìwòsàn ni a sì ń pe èyí tí a ń gbà lórí ìkúnlẹ̀. Èdè kò dá ààlà sí àárín àwọn méjèèjì. Àwa ènìyàn ni a dá a.

Àwọn àgbà sì wá fi òwe kan dí i lójú, wọ́n ní: Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ìtumọ̀ òwe yìí jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń lò ó níbi òkú lọ. Ó ń sọ fún ẹni tí ń woni sàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ní ààlà. Ó tún ń sọ fún ẹbí aláìsàn pé kí wọ́n má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nígbà tí a bá dé ibi ààlà náà. A wò ó, kò sàn. Ìyẹn kò sọ pé oníṣègùn kò wò ó dáadáa, kò sì sọ pé aláìsàn kọ̀ láti sàn.

Láti Ọdún Lúkúlúkú Títí dé Ìjà Kuiníìnì

Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó bí àwọn ìjọ Aládùúrà, ìpọ́njú ni. Lóòótọ́, ẹ̀sìn Kristi ti wà ní ilẹ̀ wa ṣáájú wọn. Láti ọdún 1877 ni Charles Phillips ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù rẹ̀ ní ìlú Oǹdó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn kan wọ Èkó, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú. Kò pẹ́ tí ó fi tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn dókítà òyìnbó kò ní oògùn tí ó lè ṣẹ́gun rẹ̀, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá kò rí i tì. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan, tí Joseph Ṣàdáre àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn, kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà dòwò pọ̀, ìjọ tí ó ń kọ́ni pé Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn kankan.

Ní ọdún 1925, Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó ní ìpínlẹ̀ wa yìí, gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan ní Èkó, Abíọ́dún Akíńṣọ̀wọ́n, tí ó wà nínú ìran tí kò sì jí. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù October ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ń wa ọkọ̀ ńlá tí ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní P.W.D. lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ó gbọ́ ìpè. Ní ọdún 1930, àwọn èrò wọ́ tọ̀ ọ́ ní Iléṣà. Wọ́n gbé aláìsàn wá, wọ́n sì gbé omi wá kí ó lè gbàdúrà sí i.

Ní ọdún 1931, àwọn olórí ìjọ Apostolic Church wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá àwọn Aládùúrà wọ̀nyí ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ rí i pé àwọn míṣọ́nnárì tí ó wá ń gbé láàrin wọn ń lo kuiníìnì nítorí ibà, ìjà dé. Wọ́n bi wọ́n pé báwo ni ẹni tí ń kọ́ni ní ìwòsàn Ọlọ́run yóò ṣe máa gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí a fi máa wọ àwọn ọdún 1940, wọ́n ti pínyà. Ẹ̀ka tí Babalọlá wà ni ó di Christ Apostolic Church, èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943. Babalọlá fúnra rẹ̀ kú ní Ẹdẹ ní oṣù July ọdún 1959.

Ó rọrùn fún àwa tí ó kàwé láti fi àwọn àgbà wọ̀nyí rẹ́rìn-ín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, oògùn. Oògùn ni kuiníìnì. Oògùn náà ni ońdè tí a so mọ́ ọrùn ọmọ, àti èyí tí a fi ẹbọ tì lẹ́yìn, àti èyí tí a fi ń ṣe ọ̀tá. Ẹni tí ó bá búra ní ọdún 1930 pé òun kò ní lo oògùn mọ́, ohun tí ó ń kọ̀ sílẹ̀ pọ̀ ju èròjà inú ìgò lọ. Ó ń kọ gbogbo ohun tí ó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Míṣọ́nnárì kò rí ẹ̀rù yìí nínú kuiníìnì, nítorí pé nínú èdè tirẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Apá kan nínú ìjà náà jẹ́ ìjà ọ̀rọ̀ kan tí ó ru ẹrù méjì. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn ní ìdí tiwọn ní ìgbà tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ìjọ náà ni ó sì ń lọ sí ilé ìwòsàn lónìí láìsí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ní ìdí lánàá lè di ẹ̀rù tí a ń dì lé aláìsàn lórí lónìí.

Màmá Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní ìlú Oǹdó tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oǹdó. Aṣọ ni ó ń tà. Ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bí ọdún mẹ́sàn-án, ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Ní ọdún kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, oorun sì dá lójú rẹ̀. Dípò kí n mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èmi olùkọ́ ni mo gbé e lọ sí ilé àdúrà kan tí ẹnì kan júwe fún wa. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ibì kan.

Wọ́n gbàdúrà fún un tọkàntọkàn. N kò lè sọ pé ẹlẹ́tàn ni wọ́n. Òógùn ń bọ́ lójú wọn bí ẹni ń roko. Lẹ́yìn àdúrà, ẹni tí ó ṣáájú wọn bèèrè bóyá ó ń lo oògùn. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹni tí ó bá ń gbé oògùn sínú báàgì, ọkàn rẹ̀ ti pín sí méjì, àti pé kí ó kó wọn kalẹ̀ bí ó bá gbàgbọ́ lóòótọ́. Màmá wo ojú mi. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ òun tí ó kàwé yóò sọ. Mo ṣe àmín. Mo rò nígbà náà pé ìgbàgbọ́ ni ó mú mi ṣe é. Lónìí mo mọ̀ pé ojú àwọn ènìyàn ni mo ń wò.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àrùn ẹ̀gbà fi kọlù ú ní ọ̀tún. A gbé e dé ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Dókítà tí ó gbà wá kò bá wa jà. Ó kàn bèèrè ọjọ́ tí ó lo oògùn kẹ́yìn. Èmi ni mo dá a lóhùn.

Àwọn ará ilé àdúrà náà gbọ́, wọ́n sì wá kí i. Wọ́n tún gbàdúrà. Bí wọ́n ti fẹ́ máa lọ, ọ̀kan nínú wọn rọra sọ pé ó ní láti jẹ́ pé iyè méjì wọlé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá fi ẹnu tí ó ti wọ́ bi mí léèrè pé, "Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni?" N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ìgbà èwe wọn wọkọ̀ láti Oǹdó wá. Ìyá àgbàlagbà ni. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì mú ọwọ́ tí kò lágbára mọ́ sínú ọwọ́ tirẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Mo dúró, mo ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ó tó mẹ́wàá. Ara mi kò balẹ̀. Mo ń wo aago. Ìyá náà ń wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, "Olúwa, a fẹ́ kí ó dìde. Ìwọ ni o mọ̀ ọ́n. Má fi í sílẹ̀." Ó tán. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn ọ̀sán, ó sì bu omi fún un. Màmá sunkún díẹ̀, ó sì sùn. Oorun àkọ́kọ́ tí ó sùn láti ìgbà tí a ti gbé e dé nìyẹn.

Ẹjọ́ tí Aláìsàn Kò Lè Jàre

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀kọ́ pé ìgbàgbọ́ aláìsàn ni kò tó sórí ìwọ̀n. Bí aláìsàn bá dìde, agbára ẹni tí ó gbàdúrà ni a ó yìn. Bí kò bá dìde, ìgbàgbọ́ aláìsàn ni a ó bú. Kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ láyé yìí tí yóò fi hàn pé ẹni tí ó gbàdúrà ṣe àṣìṣe. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tí a ti dá aláìsàn lẹ́bi kí ó tó la ẹnu kì í ṣe ẹjọ́ òdodo. Ẹ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹni tí a ń dá lẹ́bi yìí ni ó ń rù ẹrù ìrora tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà mú àìsàn ara, ó sì fi àìsàn ọkàn kún un.

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò ti ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta pé kí a mú ẹ̀gún kan kúrò nínú ara òun, a kò sì mú un kúrò. Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kò tó? Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ìbéèrè ẹ̀bi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, bóyá òun ni ó ṣẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù kọ ìbéèrè náà, ó pò amọ̀, ó fi kan ojú ọkùnrin náà, ó sì rán an lọ sí adágún omi. Jákọ́bù ní kí a fi òróró kun aláìsàn. Pọ́ọ̀lù gba Tímótì nímọ̀ràn ohun tí yóò máa mu nítorí inú rẹ̀. Oníṣègùn ni Lúùkù. Kò sí èyí tí ó ka ohun èlò sí ọ̀tá àdúrà nínú wọn.

Nítòsí wa ńkọ́? Orímọládé, ẹni tí a ń pè ní Baba Aládùúrà, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ̀ lọ fún ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá pátápátá. Ó ń tiro títí tí ó fi kú ní ọdún 1933. Ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó gbàdúrà fún àwọn ẹlòmíràn kò rí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ gbà padà tán. Kò sí ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Bí a bá lè fi ọ̀wọ̀ yẹn fún Baba Aládùúrà, èéṣe tí a kò fi lè fún ìyá tí ń ta aṣọ?

Àpẹẹrẹ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti Jóòbù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbọ́ ìyọnu rẹ̀, wọ́n wá, wọ́n sì jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé wọ́n rí i pé ìrora rẹ̀ pọ̀. Títí di ọjọ́ keje, ọ̀rẹ́ rere ni wọ́n. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá, ni wọ́n ṣìnà. Nígbà tí ìwé náà sì ń parí lọ, àwọn ni Ọlọ́run bá wí, kì í ṣe Jóòbù tí ó ti ń pariwo.

Ẹni tí Ó Bá Dákẹ́

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé mi yóò ti fi òwe kan dè mí lọ́nà: Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ ni yóò bá a dákẹ́. Báwo ni a ó ṣe máa fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbàdúrà nínú àṣà tí ó ti kà á sí òfò?

Èsì àkọ́kọ́ ni pé òwe yẹn ń bá ẹni tí ó ní ẹjọ́ níwájú ènìyàn wí. Ènìyàn kò mọ inú. Bí a kò bá sọ, kò lè gbọ́. Níwájú Ẹni tí ó mọ inú, òwe mìíràn ni ó bá a mu: Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Jésù náà kìlọ̀ fún àwọn tí ó rò pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni a ó fi gbọ́ tiwọn.

Èsì kejì ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe àjèjì nínú ìsìn wa. Arugbá Ọ̀ṣun kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ó ti ń gbé igbá lọ sí odò ní Òṣogbo. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣègùn ìbílẹ̀ lè sọ fún ni pé kí a lo nǹkan ní kùtùkùtù láìtíì fọhùn sí ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí ariwo ń bàjẹ́. Kì í sì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sin Kristi. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní Áfíríkà wa níbí, ni Antony ti lọ gbé nínú aṣálẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta sí ìkẹrin láti máa ṣe àṣàrò, ìtàn rẹ̀ sì sọ pé àwọn aláìsàn ń wá a lọ síbẹ̀. Èlíjà rí ìjì, ó rí ìmìtìtì ilẹ̀, ó rí iná, kò sì rí Olúwa nínú wọn, àfi ìgbà tí ohùn jẹ́jẹ́ dé lẹ́yìn wọn. Ìtàn ìpè Babalọlá náà kò yàtọ̀ sí èyí. Bí ìjọ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ ni pé ẹ̀rọ ọkọ̀ tí ó ń wà ni ó kọ́kọ́ dákẹ́ lójijì, kí ohùn tó pè é. Ìgbà tí ariwo ẹ̀rọ dópin ni ó gbọ́.

Kí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá ń ṣe níbi ibùsùn aláìsàn? Ó ń jẹ́ kí a wò ó. Ẹni tí ń pariwo sí àrùn, àrùn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè gbàgbé ẹni tí àrùn ń ṣe. Ó tún ń jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí aláìsàn fẹ́ sọ, títí kan ọ̀rọ̀ pé orí ń fọ́ òun, pé oògùn òun ti tán. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì ń gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá dákẹ́ níwájú Ọlọ́run kò lè máa pàṣẹ fún un, nígbà tí kò bá sì pàṣẹ, kò ní sí ìdí tí yóò fi máa wá ẹni tí ó ba àṣẹ jẹ́. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Àtakò Kan tí Ó Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ Aládùúrà gbọ́ èrò mi yìí, ó sì sọ ohun kan tí n kò lè fọwọ́ rọ́ tì. Ó ní àdúrà tí kò béèrè nǹkan kan kò lè kùnà, àti pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè di ibi tí aláìnígbàgbọ́ ń sá pamọ́ sí. Ó rán mi létí Bátíméù afọ́jú, ẹni tí ó ń kígbe lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn èrò ní kí ó dákẹ́, ó túbọ̀ kígbe, Jésù sì dúró nítorí igbe náà.

Òótọ́ ni ó sọ. Bí ó bá jẹ́ pé mo wà láàrin èrò ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí n wà lára àwọn tí ń pa afọ́jú lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ìtàn náà síwájú, mo rí i pé ó ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ fún wa. Afọ́jú ni ó kígbe. Ẹni tí yóò wò ó sàn ni ó dúró, tí ó sì bi í ní ohun tí ó fẹ́. Igbe jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí ń jìyà. A kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Dídúró, wíwò àti gbígbọ́ jẹ́ ojúṣe ẹni tí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí ni pé a ti pààrọ̀ wọn. Olùrànlọ́wọ́ ni ó ń kígbe, aláìsàn ni a sì ní kí ó dákẹ́ kí ó máa ṣe àmín.

Nítorí náà n kò dá ìlù, àtẹ́wọ́ àti ohùn òkè lẹ́bi. Wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àìsàn dá wà ní ìgboyà, ìgboyà kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. N kò sì ní kí a má béèrè. Ìyá tí ó wá láti Oǹdó béèrè: ó ní a fẹ́ kí ó dìde. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ wò ó, nígbà tí ó sì béèrè tán, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ẹni tí ó ni í, ó sì bu omi oògùn.

Bí ènìyàn bá ní àlá ni èyí, kí ó wo ohun tí a ti ṣe ní ìpínlẹ̀ yìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ọdún 2009 láti dín ikú àwọn aláboyún kù. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ aboyún ṣì ń bímọ lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ní ilé agbẹ̀bí ìjọ, wọn kò bá wọn jà. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé ètò Agbẹ̀bíyè kalẹ̀, èyí tí ó sọ àwọn agbẹ̀bí náà di ẹni tí ń mú aboyún lọ sí ilé ìwòsàn nígbà náà, wọ́n sì san nǹkan fún wọn nítorí rẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí ìjọ lè gbàdúrà fún aboyún, kí ó sì mú un lọ́wọ́ dé iwájú dókítà. Kò sí ọkàn tí ó pín sí méjì níbẹ̀. Ìwòsàn kan náà ni, bí èdè wa ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ta ni ó jẹ̀bi bí aláìsàn kò bá dìde? Èsì mi ni pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣìnà. Àrùn là á wò. Ẹni tí ó bá wò ó tọkàntọkàn, ìbáà ṣe pẹ̀lú egbòogi tàbí pẹ̀lú àdúrà, ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn kò jẹ wá ní gbèsè ìwòsàn. Ẹ̀bi wà níbì kan ṣoṣo: lọ́wọ́ ẹni tí ó ní kí aláìsàn ju ohun tí ó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró sílẹ̀, àti lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀ tí ó sì ṣe àmín. Mo mọ ẹni kejì yìí dáadáa.

Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́. Ní ọdún tí ó kọjá, mo wakọ̀ lọ sí Oǹdó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, mo sì sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó, pé èmi ni mo yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà tí mo dákẹ́ ìdákẹ́ ojo. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn títí di òní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì tíì lè di nǹkan mú. Ó wò mí títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní kí n dìde kí n bá òun bu omi wá, àkókò oògùn òun ti tó.